Ilé là ń wò ká tó sọ ilẹ̀ lórúkọ

1/ Ẹ dákun, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lónìí, mo fẹ́ bínú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni, àmọ́ kì í ṣe orúkọ èèyàn. Orúkọ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ni, láti Abẹ́òkúta títí wọ inú òkun ní Èkó. Thread gígùn ni o. Ẹni tó bá ń kánjú, kó fi pamọ́, kó padà wá kà á.

2/ Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kọ ọ́ síbí pé orúkọ tí à ń pe iyanrìn abẹ́ Èkó kò ní ìtumọ̀ tó dájú. Ẹnìkan dá mi lóhùn pé: "Bọ̀dá, orúkọ òkúta lásán-làsàn. Ṣé ìyẹn ló máa mú dọ́là wálẹ̀?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo rántí borehole ìyá mi, ẹ̀rín bá tán lẹ́nu mi.

3/ Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ìyá mi kó àjọ, wọ́n fi gbẹ́ borehole sílé wa ní Ìkòròdú. Ọjọ́ tí omi jáde, gbogbo àdúgbò ló bá wa yọ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, omi ti ń pupa bí omi tí wọ́n rẹ ìṣó tó dípẹtà sí. Aṣọ funfun ò ṣeé fọ̀ mọ́. Ìyá mi á pọn ọ́n kalẹ̀ mọ́jú, tó bá di àárọ̀, ìdọ̀tí pupa á ti jókòó sísàlẹ̀ bá a.

4/ Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí ìwé tí àwọn tó gbẹ́ ẹ kọ fún wa. Ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. "Coastal Plain Sands", láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyẹn ni pé, "iyanrìn pẹ̀tẹ́lẹ̀ etí òkun". Ó parí. Bẹ́ẹ̀ ilé kẹta sí tiwa, àwọn tó gbẹ́ tiwọn kọ ọ́ pé àwọn bá amọ̀ tó nípọn, àwọn gbẹ́ ẹ kọjá, àwọn sì fa omi látinú iyanrìn tó wà lábẹ́ amọ̀ náà. Omi tiwọn mọ́ gaara. Nínú ìwé tiwa, kò sí amọ̀ kankan. Orúkọ kan ti gbé e mì.

5/ Kí ẹnikẹ́ni má yí ọ̀rọ̀ mi o. Mi ò sọ pé orúkọ ló ba omi jẹ́. Irin tó wà nínú iyanrìn òkè yẹn ló bà á jẹ́, ìkánjú àwọn tó gbẹ́ ẹ sì dá kún un. Ohun tí mò ń sọ ni pé orúkọ tí kò ní ààlà máa ń fún ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ibi tó máa sá pamọ́ sí. "Ṣebí Coastal Plain Sands náà ni gbogbo ẹ̀?" Òun ni wọ́n sọ fún ìyá mi. Kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé irọ́ ni, nítorí orúkọ yẹn gba ohun gbogbo.

6/ Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú ilẹ̀ lọ. Òkúta Olúmọ tí ẹ mọ̀ yẹn, àgbà òkúta ni, ọjọ́ orí ẹ̀ ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ. Àmọ́ láti Abẹ́òkúta sí ìhà gúúsù, nǹkan yí padà. Nígbà tí Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ya kúrò lára ara wọn, òkun Àtìláńtíìkì wọlé sí àárín wọn. Etí ilẹ̀ wa rì díẹ̀díẹ̀. Odò ń kó iyanrìn àti ẹrọ̀fọ̀ wá, òkun ń kó ìkarahun wá, wọ́n ń dà á lé ara wọn lórí. Kòtò ńlá tó kún yẹn bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù ìlà-oòrùn Gánà, ó gba Tógò àti Benin kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ wa, títí dé agbègbè Òkìtìpupa. Dahomey Basin ni wọ́n ń pè é.

7/ Ẹ fojú inú wo ẹní tí wọ́n tẹ́ lé ara wọn lórí. Ẹní àkọ́kọ́ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tí wọ́n tẹ́ kẹ́yìn ló wà lókè. Gbogbo ẹ̀ sì dagun sí ọ̀nà òkun, débi pé ìpele tí ẹ lè fọwọ́ kàn lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ó ti wà nísàlẹ̀ pátápátá tẹ́ ẹ bá fi máa dé Èkó. Ẹní kọ̀ọ̀kan tó ṣeé dá mọ̀, tó ṣeé yà sórí máàpù, tàbí tó ṣeé tọpa lábẹ́ ilẹ̀, òun ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní Formation. Bí púpọ̀ bá tan mọ́ra, wọ́n á di Group.

8/ Wàyí o, ẹ gbọ́ orúkọ àwọn ẹní wa, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé: Ise, Afowo, Araromi (àwọn mẹ́ta yìí ni Abeokuta Group). Lẹ́yìn náà Ewekoro, Akinbo, Oshosun, Ilaro. Ẹ kà á sókè! Ìlú wa ni, abúlé wa ni. Onímọ̀ ilẹ̀ kan ní Japan tó fẹ́ kọ nípa òkúta wa, dandan ni kó pe orúkọ ìlú ìyá bàbá ẹlòmíì. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìwé? Èmi, ó dìgbà tí mo dé yunifásítì kí n tó gbọ́.

9/ Àmọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá dé òkè pátápátá, ẹní tó kẹ́yìn, èyí tí ìdajì Èkó ń gbé lórí ẹ̀, kí lorúkọ ẹ̀? Ìwé kan ní "Coastal Plain Sands". Ìwé kejì ní "Benin Formation". Ìkẹta kọ méjèèjì pa pọ̀, ó fi igi sí àárín wọn bíi pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Àbíkẹ́yìn ni wọ́n ò sọ lórúkọ dáadáa. Òun náà ni omi wa wà nínú ẹ̀.

10/ Ṣé òfin wà fún orúkọ òkúta? Ó wà dáadáa. Ìwé ìlànà àgbáyé kan wà, International Stratigraphic Guide. Hollis Hedberg ló ṣe olóòtú àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ní 1976, Amos Salvador ṣe ìkejì ní 1994. Ohun tó sọ kò le. Mú orúkọ ibì kan tó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Rí i dájú pé ẹlòmíì ò tíì lo orúkọ náà. Sọ ibi tí èèyàn ti lè lọ wo òkúta náà. Sọ irú òkúta tó jẹ́. Sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Tẹ̀ ẹ́ jáde sí ibi tí gbogbo ayé ti lè kà á.

11/ Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ṣé kì í ṣe ohun tí àwọn àgbà wa ti ń wí nìyẹn? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. A kì í já orúkọ bọ́ láti òfuurufú. A máa ń wo ibi tí ọmọ ti wá, ìgbà tó dé, bó ṣe dé. Bó bá jẹ́ ìbejì, a kì í fi orúkọ kan ṣoṣo pe àwọn méjèèjì ká wá máa bínú pé ẹni tí a ò pè ló ń dáhùn.

12/ Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó dáa hàn yín. Ewékorò. Ní 1964, Jones àti Hockey kọ ìwé lórí ilẹ̀ apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, wọ́n sì fi orúkọ Ewékorò pe òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì níbẹ̀. Nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún ló wà níbẹ̀, ìkarahun oríṣiríṣi kún inú ẹ̀, nítorí òkun tí kò jìn ló tẹ́ ẹ. Ní 1972, Ogbe ya amọ̀ líle tó wà lórí ẹ̀ sọ́tọ̀, ó pè é ní Akinbo. Báwo lẹ ṣe máa mọ ibi tí Ewékorò parí sí, tí Akinbo bẹ̀rẹ̀? Ìlà kan wà láàárín wọn tí ohun aláwọ̀ ewé bí iyanrìn kún inú ẹ̀. Ẹ lè fi ìka tọ́ ọ. Orúkọ nìyẹn! Ẹ ò ní láti gba ẹnikẹ́ni gbọ́, ẹ kàn máa lọ wò ó ni.

13/ Ẹ tún gbọ́ òmíì. Ìwé 1964 yẹn pe gbogbo ìpele ìsàlẹ̀ ní Abeokuta Formation, ẹyọ kan ṣoṣo. Nígbà tó di 1981, Omatsola àti Adegoke wo ohun tó wà nínú àwọn ihò jíjìn tí wọ́n gbẹ́, wọ́n ní rárá o, mẹ́ta ni èyí. Wọ́n pín in sí Ise, Afowo àti Araromi, wọ́n sì gbé Abeokuta ga di Group. Kò sẹ́ni tó kú. Ìdí tó fi ṣe pàtàkì rèé: inú Afowo ni èyí tó pọ̀ nínú ọ̀dà ilẹ̀ wa wà, èyí tí ìjọba ń pariwo ẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Tó bá jẹ́ pé "Abeokuta" lásán la ṣì ń pe gbogbo ẹ̀, báwo lẹ ṣe máa sọ fún ẹni tó ń wá ọ̀dà ibi tó máa wò?

14/ Ohun tí wọ́n ṣe fún àkọ́bí ní 1981 náà ni mò ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣe fún àbíkẹ́yìn. "Coastal Plain Sands" kì í ṣe orúkọ ibì kankan. Àpèjúwe ni. Ó dà bí ìgbà tẹ́ ẹ bá bímọ tán tẹ́ ẹ ń pè é ní "ọmọ pupa kékeré". Etí òkun wo? Iyanrìn wo? Ìwé kan ní ó bẹ̀rẹ̀ láti Oligocene, ìyẹn lè tó 30 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òmíràn ní Miocene. Wọ́n ní ó sì ń bọ̀ títí di nǹkan bí àná. Odò ló kó púpọ̀ nínú ẹ̀ wá, ìkarahun tí wọn ì bá fi mọ ọjọ́ orí ẹ̀ ò pọ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ náà le. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó le kì í ṣe iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe.

15/ "Benin Formation" ńkọ́? Ìyẹn ní ilé tiẹ̀, àmọ́ ilé náà jìnnà sí wa. Ìlú Ẹ̀dó, Benin City, ni wọ́n mú orúkọ ẹ̀ láti ibẹ̀. Ní 1967, nígbà tí Short àti Stäuble to ìpele abẹ́ ilẹ̀ Niger Delta, borehole tó wà ní Elele, ní ọ̀nà Port Harcourt, ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ ẹ̀. Ṣé iyanrìn Ìkòròdú àti iyanrìn Elele bára mu láti òkè dé ìsàlẹ̀? Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kó fi hàn wá. Kò yẹ kó kàn fi igi sí àárín orúkọ méjì kó máa lọ.

16/ Ẹ tún wo ìdàrúdàpọ̀ ẹ̀. Orílẹ̀-èdè Dahomey yí orúkọ ẹ̀ padà sí Benin ní 1975. Àwọn kan wá ń pe Dahomey Basin ní Benin Basin. Nítorí náà a ní Benin Basin tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè, a ní Benin Formation tó jẹ́ ti ìlú Ẹ̀dó, àwọn méjèèjì sì wà nínú gbólóhùn kan náà nínú iṣẹ́ àṣekágbá àwọn ọmọ yunifásítì. Ìlànà àgbáyé ti sọ ọ́ kedere: bí ìlú bá yí orúkọ ẹ̀ padà, orúkọ òkúta kì í yí tẹ̀lé e. Nítorí irú wàhálà yìí gan-an ni.

17/ Mo ti gbọ́ "dọ́là" yín, mo ń bọ̀ síbẹ̀. Àwọn Short àti Stäuble yẹn, ìpele mẹ́ta ni wọ́n to: Akata nísàlẹ̀, Agbada láàárín, Benin lókè. Inú Agbada Formation ni èyí tó pọ̀ jù nínú epo rọ̀bì Nàìjíríà ti ń jáde. (Rárá, kì í ṣe agbádá tí bàbá yín ń wọ̀ lọ òde. Ibì kan tó sún mọ́ Port Harcourt ni.) Borehole kọ̀ọ̀kan ni wọ́n mú fún ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n sọ ibi tí èyí parí sí tí èyí bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń wá dọ́là ò fi orúkọ òkúta ṣeré rárá. Àwa tó ń wá omi mímu ni wọ́n ní ká gba "iyanrìn etí òkun".

18/ Ó ku ẹ̀yin kejì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá sínú DM mi pé ká pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, ká pe Dahomey Basin ní Odùduwà Basin, ká pe Coastal Plain Sands ní Ọlọ́kun Formation. Mo nífẹ̀ẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ìwà kan náà ni. Orúkọ tó dùn lẹ́nu tí kò ní ibi tí èèyàn ti lè lọ wò ó, kò sàn ju ti òyìnbó lọ. Ọlọ́kun ò ní bá yín sọ fún ẹni tó ń gbẹ́ borehole ibi tí amọ̀ wà. Ẹ kọ́kọ́ rí òkúta náà, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ fi ààlà sí i. Lẹ́yìn náà ẹ sọ ọ́ lórúkọ abúlé tẹ́ ẹ ti rí i.

19/ Àmọ́ mo gbà pẹ̀lú yín lórí ohun kan. Ẹ wo "Ise" nínú ìwé wọn. Kò sí àmì kankan. Ṣé iṣẹ́ ni? Ṣé ìṣẹ́ ni? Àbí ìṣe? Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé Ìsẹ̀ Èkìtì ni, bẹ́ẹ̀ orí àgbà òkúta ni Èkìtì wà, ìpele yìí ò dé ibẹ̀ rárá. Araromi sì rèé, ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ara ẹnìkan ló rọ̀ níbẹ̀. Ìlànà àgbáyé ní bí orúkọ bá ti fìdí múlẹ̀, kí wọ́n má yí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ padà. Ó dáa, mo gbà, kó wà bẹ́ẹ̀ nínú ìwé òyìnbó. Nínú ìwé tiwa, nínú iṣẹ́ tí à ń kọ ní Yorùbá, kí ló dè tí a ò lè fi àmì sí i, ká sì sọ abúlé wo ni?

20/ Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí pè mí. Wọ́n ní, "Àbúrò, orúkọ yìí ti wà kí wọ́n tó bí ẹ. Gbogbo wa mọ ohun tí a ní lọ́kàn tí a bá pè é." Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Ẹni tó gbẹ́ borehole ìyá mi ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó máa ya máàpù ní ogún ọdún sí i ò ní mọ̀ ọ́n. Ohun tí a ní lọ́kàn ò ṣeé jogún. Ohun tí a kọ sílẹ̀ ló ṣeé jogún.

21/ Ẹ wo bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń ṣe é. Ní 2024, àwọn onímọ̀ dìbò lórí bóyá kí wọ́n fi orúkọ Anthropocene pe ìgbà tí ọmọ èèyàn ń da ayé rú yìí. Adágún kan ní Kánádà ni wọ́n fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ẹ̀. Ìbò ní rárá. Gbogbo ayé ń lo orúkọ náà, síbẹ̀ wọ́n ní ààlà tí wọ́n fún un ò tẹ́ àwọn lọ́rùn. Ní 2018 sì rèé, wọ́n fi orúkọ Meghalaya, ìpínlẹ̀ kan ní Íńdíà, pe gbogbo 4,200 ọdún tó kẹ́yìn nínú ìtàn ilẹ̀ ayé, nítorí òkúta inú ihò àpáta kan tó wà níbẹ̀. Mawmluh lorúkọ ihò náà. Ní 2022 wọ́n kà á mọ́ 100 àkọ́kọ́ nínú àwọn ibi àjogúnbá ilẹ̀ ayé.

22/ Àwa ńkọ́? Kúárì ni ibi tí èèyàn ti lè lọ wo Ewékorò. Wọ́n ń fọ́ ọ lójoojúmọ́. Mi ò ní kí wọ́n má fọ́ òkúta o, èmi náà ń gbé inú ilé tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kọ́. Mo ní kí wọ́n fi ògiri kan sílẹ̀. Ẹyọ kan péré! Níbi tí ìlà aláwọ̀ ewé yẹn ti hàn, tí ọmọ ilé-ìwé lè dúró kó fi ìka tọ́ ọ. Bí ògiri yẹn bá lọ, orúkọ tó dáa jù tí a ní á di orúkọ tí kò nílé mọ́.

23/ Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mò ń bèèrè.
Àkọ́kọ́: kí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wa jókòó, kí wọ́n pín iyanrìn òkè yẹn sí iye tó bá jẹ́, kí wọ́n fún ìkọ̀ọ̀kan ní ilé àti ààlà.
Ìkejì: kí wọ́n dá ògiri kan sí ní Ewékorò.
Ìkẹta, ó kan ìwọ tó ń ka èyí: tẹ́ ẹ bá gbẹ́ borehole, ẹ má gba ìwé onílà kan. Ẹ bi wọ́n léèrè: mítà mélòó ni iyanrìn àkọ́kọ́? Ibo lẹ ti bá amọ̀? Ó nípọn tó? Inú iyanrìn wo lẹ ti ń fa omi? Bí wọn ò bá lè dáhùn, ẹ má tíì sanwó tó kù.

24/ Ìyá mi ṣì ń ra omi nínú kẹ́ẹ̀gì. Borehole náà ṣì wà níbẹ̀, a fi ń fọ ilẹ̀. Ní àná mo fi àwòrán àwọn ìpele yìí hàn wọ́n lórí fóònù, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣé gbogbo àwọn yìí ló wà lábẹ́ ilé wa, wọ́n wá kọ ẹyọ kan?" Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ẹyọ kan ni wọ́n kọ.

25/ Mo ti sọ tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí, kó mú ibi tí orúkọ ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí dání wá. Ẹni tó bá ní ìwé borehole nílé, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ bo orúkọ yín àti ti iléeṣẹ́, ẹ sọ àdúgbò nìkan, ẹ fi sábẹ́ ibí. Ẹ jẹ́ ká kà á pọ̀, ká mọ iye ẹni tí wọ́n kọ ìlà kan fún.